Títa iyọ̀ lápòlápò ní Ìjẹ̀bú-Òde láti òkè òkun: ìbéèrè kan àti èsì rẹ̀

Ìbéèrè, láti Birmingham:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò iyọ̀ lápòlápò fún àwọn alágbàtà tí ń tajà ní Òkè-Ajé. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ni yóò máa bójú tó ìsọ̀ náà. Owó tí mo tù jọ ká ẹrù tírélà kan. Kí ni ó yẹ kí n mọ̀ kí n tó fi owó náà ránṣẹ́ sílé?

Èsì, láti Toronto:

Àbúrò mi, jọ̀wọ́ má tíì fi owó náà ránṣẹ́. Mo ṣe òwò yìí ní Ṣágámù fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó kúrò nílé. Iyọ̀ wúwo, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, nítorí náà owó ọkọ̀ àti owó alábàárù ni ó máa ń jẹ púpọ̀ lára ohun tí ìbá kù sí ọ lọ́wọ́. Nígbà àwọn ìyá wa àgbà, láti Èjìnrìn létí ọ̀sà ni wọ́n ti ń ru iyọ̀ gòkè wá sí Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà Ṣágámù ni ó ń gbà wá báyìí, ṣùgbọ́n a kò tíì bọ́ lọ́wọ́ owó ẹrù.

Bá mi ṣe ìṣirò yìí. Tírélà tí ó gbé 30 tọ́ọ̀nù yóò já 600 àpò, bí àpò kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 50 kílò. Bí èrè rẹ lórí àpò kan bá jẹ́ náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún náírà tí o fi rà á, àpò kan ṣoṣo tí ó yọ́ dànù, tàbí tí ẹnì kan gbà láwìn tí kò san, ti kó èrè ogún àpò lọ. Ibi tí a ó kó iyọ̀ sí àti ìwé tí a ń kọ àwìn sí ni gbogbo òwò náà dúró lé.

Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti ju ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, iyọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi mọ́ra, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òjò. Ní ọdún kẹta mi, mo to àpò sórí sìmẹ́ńtì láìtẹ́ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ náà gbẹ lójú. Nígbà tí oṣù Agẹmọ fi máa parí, ogójì àpò tí ó wà nísàlẹ̀ ti rin gbindin, omi sì ń ṣàn jáde lábẹ́ wọn. Títí di òní ni ó ń dùn mí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń to pákó sílẹ̀, tí mo ń tẹ́ ọ̀rá tí ó nípọn lé e, tí mo sì ń fi àyè tí ènìyàn lè gbà kọjá sáàárín àpò àti ògiri. Kí Àǹtí máa ti ilẹ̀kùn bí òjò bá ti ṣú, kí àpò tí ó kọ́kọ́ wọlé sì kọ́kọ́ jáde. Àpò tí ó dì gbagidi nítorí ẹrù orí rẹ̀ kò tíì bàjẹ́, ó ṣe é fọ́. Èyí tí omi ti ń jò nídìí rẹ̀ ni àdánù, nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ ń dín, áyódíìnì, èròjà aṣara-lóore tí a ń fi sínú iyọ̀, pẹ̀lú sì ń bá omi lọ.

Má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú áyódíìnì náà. Láti ọdún 1993 ni ó ti di dandan ní Nàìjíríà pé kí ó wà nínú iyọ̀ jíjẹ, nítorí àrùn gẹ̀gẹ̀ àti nítorí ọpọlọ ọmọ tí ó wà nínú oyún. Ó yẹ kí ó jẹ́ 50 mílígíráàmù nínú kílò kan nígbà tí iyọ̀ bá ń kúrò nílé iṣẹ́, kí ó má sì dín ní 30 nígbà tí ó bá dé ọjà. Wo nọ́ńbà NAFDAC lára àpò kí o tó rà á. Iyọ̀ tí a ṣe fún iṣẹ́ awọ, má jẹ́ kí ó wọ ìsọ̀ rẹ, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ rọjú tó, nítorí inú ìkòkò àwọn ènìyàn wa ni yóò parí sí.

Èsì, láti Houston:

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa sọ. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí a má gbójú lé àwọn alágbàtà Òkè-Ajé nìkan. Àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì máa ń lo iyọ̀ tí ó tó kílò kan fún ìyẹ̀fun 50 kílò, nítorí náà ẹni tí ó ń po àpò ìyẹ̀fun mẹ́wàá lójúmọ́ yóò lo àpò iyọ̀ kan tán láàárín ọjọ́ márùn-ún. Àwọn tí ń lọ oúnjẹ adìyẹ náà ń lo nǹkan bíi kílò mẹ́ta fún tọ́ọ̀nù kan. Kí Àǹtí kọ́kọ́ lọ kí wọn níbi iṣẹ́ wọn.

Ìbéèrè, láti Birmingham:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Àwìn ni ó ń bà mí lẹ́rù jù, torí pé ìbátan ni púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà Àǹtí mi, Àǹtí kò sì lè kọ̀ fún wọn.

Èsì, láti Toronto:

Ìwọ ni kí o gba ẹ̀bi náà. Kí Àǹtí máa sọ pé ọmọ tí ó ni owó kò fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni gba àpò kejì kí ó tó san owó àkọ́kọ́. Fi orúkọ òwò náà sílẹ̀ ní CAC, o lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ibẹ̀, kí o sì ṣí àpamọ́ báńkì tí ìwọ àti Àǹtí yóò jọ máa fọwọ́ sí. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí ó ka àpò lójú rẹ lórí fídíò.

Fi ọgọ́rùn-ún àpò bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ olówò ńlá tí ó ti wà ní Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, kí o lè fi òjò ọdún kan mọ bí ìsọ̀ náà ti rí. Má sì ná owó tí ó bá wọlé. Láti Brazil àti irú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú iyọ̀ tí a kò tíì fọ̀ wá sí èbúté Èkó, nítorí náà bí dọ́là bá gbówó lórí, owó tí o fi ra ọgọ́rùn-ún àpò lónìí lè má ra àádọ́rùn-ún lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Wọn gígùn àti ìbú ìsọ̀ náà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi, kí n bá ọ ṣírò iye pákó tí yóò gbà.