P tó wà níwájú "pneumonia", ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?

Àǹtí Ìkẹ́rẹ́: Ẹ̀yin ará Èkìtì, ẹ kú ilé o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń múra ìdíje sípẹ́lìn, ló bá gbé ìwé wá bá mi pé kí ló dé tí "pneumonia" fi ní p nígbà tó jẹ́ "nimóníà" la máa ń pè é. Mo ní ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, ó ní ṣé àwọn Gíríìkì náà kì í pe p yẹn ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a lóhùn.

Tíṣà Ìjerò: Wọ́n ń pè é o! P àti n ló máa ń jáde lẹ́nu wọn. Ti "psychology" gan-an, lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kọ p àti s pọ̀, psi lorúkọ rẹ̀, àwọn ará Róòmù ló sọ ọ́ di ps nígbà tí wọ́n yá ọ̀rọ̀ náà, Látìnì ló wá gbé e dọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ahọ́n Gẹ̀ẹ́sì ò gba ps, pn, pt àti mn níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ni ẹnu bá jù ú nù, ọwọ́ ò jù ú nù. Àwọn Faransé àti Jámánì ṣì ń pe p "psychology" tiwọn dòní. Àǹtí, ẹ ní kọ́mọ náà pe "helicopter" sókè. Ṣé ó gbọ́ p? Pteron tó túmọ̀ sí ìyẹ́ ló wà níbẹ̀, òun náà ló wà níwájú "pterodactyl" tí p ò ti dún. M tó dákẹ́ nínú "mnemonic" ń dún nínú "amnesia", g "gnostic" ń dún nínú "agnostic". Tí fáwẹ̀lì bá ti ṣíwájú wọn báyìí, wọ́n á ráyè dún. Ọ̀nà yìí ni mo ń gbà kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, ó sì máa ń yé wọn ju ká ní kí wọ́n ṣáà há a sórí.

Nọ́ọ̀sì Ìkọ̀lé: Ẹ ṣé tíṣà. Pneumon ni wọ́n ń pe ẹ̀dọ̀fóró, ìdí nìyẹn tí òtútù àyà fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù tiwa, h inú "rheumatism" àti "diarrhoea" ló máa ń dààmú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìdí ọ̀rọ̀ kan náà sì ni méjèèjì, kí nǹkan máa ṣàn. R àwọn Gíríìkì máa ń ní èémí nínú níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èémí yẹn làwọn ará Róòmù fi h kọ. "Phlegm" náà ńkọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lásán, g rẹ̀ dákẹ́, ẹ pe "phlegmatic" wò.

Ọmọ Adó: Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ kí ọmọ náà ṣọ́ra, torí àwọn kan wà tí kì í ṣe Gíríìkì rárá. "Ptarmigan", ẹyẹ orí òkè Scotland, kò ní p kankan nínú èdè tí wọ́n ti mú un, ẹnì kan ló rò pé Gíríìkì ni tó fi p kún un. "Ache" náà, "ake" ni wọ́n ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, Samuel Johnson tó ṣe díṣọ́nárì lọ́dún 1755 gbà pé Gíríìkì ló ti wá, ni ch bá jókòó síbẹ̀.

Àǹtí Ìkẹ́rẹ́: Ẹ ṣeun gan-an! Ó ti ń pe "helicopter" káàkiri ilé. Ó tún ní "receipt" ńkọ́?

Tíṣà Ìjerò: Látìnì nìyẹn, recepta. Ẹ sọ fún un pé p "reception" ń dún.