Ẹ̀yin akàndá ẹ̀dá, kí lojú yín ti rí lórí ìkànnì ìjọba?

Àṣàbí:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Èmi kò ríran. Screen reader, ohùn tó máa ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sí mi létí, ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Mo lọ kọ fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ lórí ìkànnì iléeṣẹ́ ìjọba kan. Ibikíbi tí mo bá dé nínú fọ́ọ̀mù náà, "àyè ìkọ̀wé, òfìfo" ni ohùn mi ń sọ. Ṣé orúkọ ni wọ́n ń bèèrè ni, àbí ọjọ́ ìbí? Ẹni tó ríran á rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ kóòdù kò so ọ̀rọ̀ náà mọ́ àyè ìkọ̀wé. Àbúrò mi ló bá mi kọ ọ́ tán. Iye tó ń wọlé fún mi, àìsàn tó ń ṣe mí, gbogbo rẹ̀ ni mo ní láti kà sétí ọmọ tí mo tọ́ dàgbà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹ̀yin ńkọ́?

Tìjání:
Captcha.

Ọmọtádé:
@Tìjání, o ti sọ gbogbo rẹ̀! "Tọ́ka sí àwòrán tó ní ọkọ̀ kó o fi hàn pé ènìyàn ni ọ́." Àfi bíi pé ẹni tí kò bá rí ọkọ̀ kì í ṣe ènìyàn. Èyí tí wọ́n ní ká fetí gbọ́ náà, ariwo ló kún inú rẹ̀.

Ràímì:
Ojú mi dáa, ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. N kò lè di máòsì mú, bọ́tìnnì Tab ni mo fi ń rìn lójú ìwé. Ó yẹ kí ìlà kan máa yí ibi tí mo wà ká kí n lè mọ ibi tí mo dé. Àwọn ayàwòrán ìkànnì á yọ ìlà yẹn kúrò, wọ́n ní kò rẹwà. Bí mo bá wá rọra tẹ̀ ẹ́ títí tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, "àkókò yín ti tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ padà." WCAG, ìlànà àgbáyé fún ṣíṣe ìkànnì tí akàndá ẹ̀dá lè lò, sì ti sọ ọ́ láti ọdún 2008: bí àkókò bá fẹ́ tán, wọn lè kìlọ̀ fún ènìyàn, kí wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 20 ó kéré tán láti fi ìtẹ̀ kan ṣoṣo tọrọ àfikún, kó sì lè tọrọ rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, ó kéré tán. Kò le rárá.

Gbádébọ̀:
Ẹ má bínú sí mi o, ìbéèrè ni. Owó ará ìlú ni wọ́n fi ń ṣe ìkànnì. Ṣé àwọn tó nílò gbogbo èyí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Wọn ò lè lọ sí ọ́fíìsì ni?

Ràímì:
Ọ́fíìsì tó jẹ́ àtẹ̀gùn lásán?

Ọmọtádé:
Gbádébọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní akàndá ẹ̀dá tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.3. Ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́fà nìyẹn. Bí ilé ìtajà kan kò bá gba tèmi rò, màá rà á níbòmíràn. Ìjọba mélòó ni mo ní? Owó orí, ìwé ìbí, ìwé ìrìnnà, ibì kan ṣoṣo la ti ń gbà wọ́n. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ wa pàápàá dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀ka 9. Yúróòpù ṣòfin tiwọn fún ìkànnì ìjọba ní 2016.

Gbádébọ̀:
Ti "ìjọba mélòó ni mo ní" yẹn wọ̀ mí lára. Ó dáa, irinṣẹ́ kékeré tó máa ń wà ní igun ojú ìwé ńkọ́, tí wọ́n ní á tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà?

Àṣàbí:
Jọ̀ọ́, má dá ìyẹn lábàá! Mo ti ní ohùn tèmi. Tiwọn á tún máa sọ̀rọ̀ lé e lórí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á fún àyè ìkọ̀wé ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí wọ́n tún ìkànnì fúnra rẹ̀ ṣe.

Bísí:
Lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí funfun ńkọ́? Ojú mi kò fọ́, ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ìlànà ní kí ìyàtọ̀ àwọ̀ lẹ́tà sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, wọn kì í wò ó.

Fọlákẹ́:
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wà nínú iṣẹ́ ìjọba sọ tèmi. Èmi ni mo ń gbé ìwé sórí ìkànnì wa. Orí kọ̀ǹpútà la ti ń kọ ìwé náà, ọ̀rọ̀ gidi tí ohùn lè kà. A ó wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, wọ́n á lu òǹtẹ̀, wọ́n á ní kí n ya àwòrán rẹ̀ padà kí n sọ ọ́ di PDF. Ọ̀rọ̀ ti di fọ́tò nìyẹn. Mo sọ ọ́ títí. Èsì wọn ni pé bí kò bá sí òǹtẹ̀, ta ni yóò gbà pé òótọ́ ni?

Àṣàbí:
Háà! Nítorí òǹtẹ̀! Bí mo bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ohùn mi á ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo máa ń rò pé ìwé náà ló bàjẹ́.

Tìjání:
Òǹtẹ̀ tí n kò rí, ẹ̀rí kí ló jẹ́ fún mi?

Gbádébọ̀:
Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti ń ka ọ̀rọ̀ inú fọ́tò báyìí.

Àṣàbí:
Ó ń kà á, ó sì ń ṣì í kà. Lọ́jọ́ tí 8 bá di 3 nínú owó orí mi, ṣé ẹ̀rọ náà ni wọ́n máa bú?

Ọmọtádé:
Fọlákẹ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sójú ìwé ìkànnì gan-an, kí ẹ fi PDF olóǹtẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gá á rí òǹtẹ̀ rẹ̀, ará ìlú á rí ọ̀rọ̀ kà.

Fọlákẹ́:
Èyí ṣeé gbé síwájú wọn. Ẹ ṣeun gan-an.

Ìyá Àyọ̀kúnlé:
Adití lọmọ mi. Ìkànnì kan ní, "Bí ẹ bá ní ìṣòro, ẹ pè wá." Kò sí íméèlì, kò sí ibi tí a lè kọ̀wé sí. Fídíò wọn kò sì ní ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ túmọ̀ sí èdè adití.

Bísí:
Màmá, bí ọ̀rọ̀ bá ti wà nísàlẹ̀, ṣé ó tún di dandan kí wọ́n fi ọwọ́ túmọ̀?

Ìyá Àyọ̀kúnlé:
Ó di dandan, ọmọ mi. Wọ́n bí i ní adití ni. Èdè ọwọ́ ni èdè àkọ́kọ́ tó gbọ́. Èyí tí a ń kà yìí, ilé ìwé ló ti wá kọ́ ọ, ó sì le fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìlera rẹ̀, ó yẹ kó gbọ́ ọ ní èdè tó yé e jù.

Bísí:
Ó yé mi, Màmá.

Ọmọtádé:
Iṣẹ́ ìkànnì ni mò ń ṣe. Ìkànnì ìjọba kan wà tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò, èyí tó ń wò ó bóyá akàndá ẹ̀dá lè lo ìkànnì, fún ní máàkì tó pé. Wọ́n wá pe obìnrin kan tí kò ríran kó lò ó. Ó kọ fọ́ọ̀mù tán, kò rí ibi tí yóò fi í ránṣẹ́, torí bọ́tìnnì náà jọ bọ́tìnnì lójú nìkan ni. Nínú kóòdù, àpótí lásán ni. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò lè rí i pé àwòrán ní àlàyé tí screen reader lè kà. Kò lè mọ̀ pé "foto1" kì í ṣe àlàyé. Kí wọ́n máa pe irú wa kí iṣẹ́ tó parí, kí wọ́n sì sanwó fún wa.

Tìjání:
Kí wọ́n sanwó o!

Fọlákẹ́:
Mo fẹ́ gbọ́ ìkànnì wa fúnra mi kí n tó lọ bá ọ̀gá. Èló ni screen reader?

Àṣàbí:
Ọ̀fẹ́ ni NVDA, orí Windows ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Ọsirélíà kan tí kò ríran ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006. Pa ojú kọ̀ǹpútà, má fọwọ́ kan máòsì, kó o gbìyànjú láti kọ fọ́ọ̀mù yín dópin.

Fọlákẹ́:
Mo ti gbé e sórí ẹ̀rọ. Kò dákẹ́ o! Kí ni mo máa tẹ̀?

Àṣàbí:
Ctrl.