"Jinná" ni, kì í ṣe "gbẹ"

Ẹ̀yin ará, mo ti ka àbá yín lórí títún páìpù ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ ṣe láìwalẹ̀: pé kí á pè é ní "àtúnṣe àìgbẹ́lẹ̀", kí á sì máa sọ pé oje tí a fi ń ṣe é (resin) ń "gbẹ" nígbà tó bá ń le (cure). Èmi ò fara mọ́ "gbẹ" rárá.

Ẹ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Aṣọ fẹ́ẹ̀tì (felt) tí wọ́n rán bí ìbọ̀sẹ̀ gígùn ni a ń rẹ sínú oje, tí a ń fi sínú páìpù tó ti sán. Ooru á mú un, á le, á di páìpù tuntun nínú ògbólógbòó. Eric Wood ló kọ́kọ́ ṣe é, ní Hackney ní ìlú London, ní 1971.

Aṣọ orí okùn ló ń gbẹ, torí omi ń kúrò lára rẹ̀. Oje yìí kò ní omi tí yóò kúrò. Ó ń yí padà ni, bíi mọ́ínmọ́ín inú ìkòkò, tí kò lè padà di ẹ̀wà lílọ̀ mọ́. Ẹni tó ní ó ń "dì" sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ náà ń dì; ẹ gbé e padà sórí iná, á yọ́. "Jinná" ló bá a mu jù. Ẹran ń jinná, egbò ń jinná, páìpù tó sán sì ní egbò lára.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tí a bá sọ fún pé oje ń gbẹ á ṣí ẹnu páìpù sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé ó ń jinná á mójú tó ooru. Á mọ̀ pé ibi tí omi ilẹ̀ ti ń jò wọlé máa ń tutù, tí oje ibẹ̀ kì í fi í jinná dénú. Kò ní já omi gbígbóná dànù lójijì, torí bí ìbọ̀sẹ̀ bá tutù wàràwàrà, á súnkì, àlàfo á sì wà láàárín òun àti páìpù àtijọ́. Nínú oòrùn Òṣogbo, oje lè jinná lórí ọkọ̀ kó tó délé oníṣẹ́, nítorí náà inú yìnyín ni kí ó wà.

Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Ko gbe": ṣé kò gbẹ ni, àbí kò gbẹ́, àbí kò gbé? Ìdí nìyí tí mo fi yan "àìwalẹ̀" dípò "àìgbẹ́lẹ̀".

Ẹnìkan ní "títì" ni kí á pe bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe ń wọlé. A kì í tì í. Ẹ wo ẹni tó ń fọ ìfun ewúrẹ́: á yí ẹnu rẹ̀ sóde díẹ̀, á da omi sí i, ìwúwo omi á sì fa ìyókù yí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ojú tí oje wà á wá kọ sí ara páìpù àtijọ́. "Yíyí-bí-ìfun" ni tèmi. Bí omi kò bá wúwo tó, ìbọ̀sẹ̀ á hunjọ, ìwé ìnùdí á sì máa há síbẹ̀.

Wọ́n bi mí bóyá ọ̀rọ̀ yìí wúlò níbí, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé, ní Òkè-Fìà tàbí Alẹ́kúwodò, ló ní sókàwéè tirẹ̀. Ó wúlò. Páìpù oníke 4 ínǹṣì tó gba abẹ́ kọnkéré lọ sí sókàwéè náà ń sán, gbòǹgbò igi sì ń wọ ojú oríkèé rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó gbóná tó ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius á mú ike rọ̀, nítorí náà oje alápá méjì, tí a ń pò pọ̀ kó lè le, tí kò nílò iná ni à ń lò. Ṣé ìyẹn náà ń "jinná"? Bẹ́ẹ̀ ni. Egbò kì í lo iná.

Ó ku ẹyọ kan. Ìbọ̀sẹ̀ máa ń bo ojú àwọn páìpù kéékèèké tó wọ inú èyí tó tóbi, róbọ́ọ̀tì ló sì ń gé wọn ṣí. Wọ́n ní "lílu ihò". Mo ní "lílajú", torí ojú náà ti wà tẹ́lẹ̀. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ti wọn jíjìnnà ojú kọ̀ọ̀kan láti máńhóòlù kí ìbọ̀sẹ̀ tó wọlé. Bí ìwọ̀n náà bá yẹ̀, lílu ihò gan-an ni róbọ́ọ̀tì á ṣe, ìdọ̀tí ilé á sì padà sílé.