Jẹnẹrétọ̀ nínú kọ́rídọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ọ̀fà, Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Màámi pè mí láti Ọ̀fà lánàá, a ń wo ara wa lórí fóònù, mo bá rí jẹnẹrétọ̀ tí mo rà fún wọn nínú kọ́rídọ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Àyà mi já. Wọ́n ní olè ni àwọn ń sá fún, pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí, èéfín á bá ibẹ̀ jáde. Èéfín tí à ń fojú rí kọ́ ló ń pani. Carbon monoxide ni, gáàsì olóró tó ń bá èéfín jẹnẹrétọ̀ jáde, kò láwọ̀, kò rùn. Ẹ̀jẹ̀ a máa gbà á mọ́ra ní nǹkan bí ìlọ́po 200 ju oxygen lọ. Orí á máa fọ́ èèyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, oorun á kùn ún, ó lè má jí mọ́. Nígbà tí iná lọ nínú òtútù February 2021 ní Texas níbí, gáàsì yìí pa èèyàn mọ́lé. Báwo ni kí n ṣe é tí ọkàn wọn á fi balẹ̀ láti gbé e síta?

Ọmọ Ìlọrin, Leeds:
Àsàláàmù àlékùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bá Màmá jà, ẹ̀rù olè yẹn tọ́. Ní ilé wa ní Tánkẹ́, wẹ́dà la pè. Ó fi irin ṣe àgò sídìí fẹ́ǹsì, wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, páànù wà lórí nítorí òjò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ó ju mítà 6 lọ sí ilé, ẹnu sàléńsà kọjú síta. Ẹ wo fèrèsé aládùúgbò náà o! Mo tún fi alámù carbon monoxide oníbátìrì ránṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ yàrá Bàbá la gbé e kọ́ sí. Gbogbo Jímọ̀ ni wọ́n ń tẹ bọ́tìnì rẹ̀ wò kí wọ́n tó lọ kírun.

Ọmọ Ìgbómìnà, Toronto:
Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ṣéńjìófà, ìyẹn súìsì tó ń ya iná jẹnẹrétọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iná ìjọba, wà nílé Màmá? Ẹlòmíì a máa fi wáyà ti iná jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná yẹn á jáde lọ sórí òpó, àwọn tó ń tún wáyà ṣe lókè ló máa gbé.

Ọmọ Ọ̀fà, Houston:
Kò sí ṣéńjìófà. Mo ti pe Màámi, wọn ò ní tan án lálẹ́ òní. Wẹ́dà àti oníná ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.