Ẹ̀yin obìnrin ẹnjiníà ní UK, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀

Bọ́sẹ̀, Leeds: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ ọ̀nà àti afárá ni mò ń ṣe, sáìtì ni mo sì máa ń wà. Ọmọ mi ti pé oṣù méje, wọ́n ti ń béèrè ìgbà tí mo máa padà. Aago méje àárọ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀, nọ́sìrì ò sì ní ṣílẹ̀kùn títí aago mẹ́jọ. Ó ń ṣe mí bíi kí n kúkú fi í sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Àbúrò mi, o kú ewu ọmọ. Jọ̀ọ́, má tíì kọ̀wé kankan. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2024, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ni láti béèrè pé kí wọ́n yí àkókò iṣẹ́ òun padà, ì báà jẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀. Kọ flexible working request sókè lẹ́tà náà. Sọ aago tí o fẹ́ máa wọlé, aago tí o fẹ́ máa jáde, àti ọjọ́ tí o fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Sọ ẹni tó máa dúró fún ọ ní sáìtì kí o tó dé. Òfin ò ní kó o sọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ojú ọ̀gá máa kọ́kọ́ lọ. Láàárín oṣù méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn.

Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ rèé: gbogbo ìgbà tó o fi wà nílé yẹn, ọjọ́ ìsinmi ọdọọdún rẹ ń gùn sí i ni. Má gbà á tán lẹ́ẹ̀kan. Bẹ ọ̀gá kó jẹ́ kó o máa gba ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wàá máa lọ, owó ọjọ́ márùn-ún ni wàá máa gbà. Ohun tó dá èmi dúró nídìí iṣẹ́ nìyẹn nígbà tí mo bí àwọn ìbejì.

Bọ̀dé, Aberdeen: Ẹ kú ewu o. Bí bàbá ọmọ náà bá ń gbaṣẹ́, ẹ wo Shared Parental Leave, ìyẹn ìsinmi ìtọ́jú ọmọ tí ìyá àti bàbá lè pín láàárín ara wọn. Ó gbọ́dọ̀ fi tó ibi iṣẹ́ rẹ̀ létí ní ọ̀sẹ̀ 8 ṣáájú, kí ó sì lò ó tán kí ọmọ tó pé ọdún kan, torí náà ẹ má fi falẹ̀. Èmi gba tèmi kí ìyàwó mi lè padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn ẹbí ń béèrè ohun tí ọkùnrin ń wá nídìí ọmọ ọwọ́. Mo ní ọmọ tèmi ni.

Fúnmi, Derby: Ẹ má padà lọ wọ bàtà ọkùnrin tí ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ méjì dí o. Ìbọ̀wọ́ tó tóbi juni lọ, ewu ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń yí. Òfin PPE ti 1992 ní ohun ààbò gbọ́dọ̀ bá ara ẹni tó ń lò ó mu, ọ̀fẹ́ sì ni. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń fọ́mọ lọ́yàn, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n wá ibi ìsinmi fún yín. Kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ o!

Bọ́sẹ̀: Ẹ ṣeun gan-an, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ìyá Ìbejì, ṣé mo lè fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ kí n tó padà?

Ìyá Ìbejì: Fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí oṣù méjì yẹn. Bí ọ̀gá bá gbà, lo ọjọ́ KIT kan (Keeping in Touch, ọjọ́ tí o lè lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí o ṣì wà nínú ìsinmi ìbímọ) láti lọ bá a jókòó sọ ọ́. 10 lo ní, kò sì ní dí owó ìbímọ rẹ lọ́wọ́.