Ta ni "olùretí"? Èsì mi sí àbá orúkọ fún áàpù àwọn aboyún

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Àbúrò wa tó ń ṣe áàpù fún àwọn aboyún kọ̀wé lánàá pé òun ti rí orúkọ tuntun fún wọn: "ìyá olùretí". Ó ní "aboyún" ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́, pé ojú á máa ti àwọn ọ̀dọ́bìnrin ìlú ńlá tí wọ́n bá rí i lórí fóònù wọn. Àbúrò, ta ló rán ẹ níṣẹ́?

Ìhun ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùkù. Olù- mọ́ retí, bí olùkọ́, bí olùgbàlà. Gírámà gbà á, etí ni kò gbà á. Nílé Yorùbá, bí wọ́n bá ní obìnrin kan ń retí, ẹni tó ti wà nílé ọkọ lọ́dún mẹ́wàá tí kò tíì rí nǹkan kan ni wọ́n ń wí. Òun ni wọ́n ń pè síwájú pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé "ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń retí èso inú, ẹ bọ́ síta". Ẹni tó ti ní oyún oṣù mẹ́fà sínú, ọwọ́ ẹ̀ ti tẹ ohun tó ń wá; ìsọ̀kalẹ̀ ló kù, ìdí nìyẹn tá a fi ń kí i pé "àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o". Bí áàpù bá ń kí ìyàwó mi ní olùretí láràárọ̀, èpè ni máa kà á sí.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi ìretí ṣe ẹnà oyún ("expecting"). Àwa náà ní ẹnà tiwa: ó ti fẹ́ra kù, ó ti di abara méjì. Kí ló dé tí o kò mú ọ̀kan níbẹ̀?

Àwòrán ojú áàpù tó fi ránṣẹ́ ló wá bí mi nínú jù. Ní ọ̀sẹ̀ 20, ohun tó máa yọ lójú fóònù ni "Ole re ti n mira". Olè ta ni? Àbí ọ̀lẹ? Mo mọ̀ pé ọlẹ̀, ọmọ inú oyún, ló ní lọ́kàn, mo sì yìn ín pé ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọlẹ̀ kì í mira, ọlẹ̀ ń sọ. Ẹ ṣí Lúùkù 1:41, níbi tí Èlísábẹ́tì ti gbọ́ kíkí Màríà, tí ọlẹ̀ sì sọ nínú rẹ̀. Ìyá àgbà tó tọ́ mi kò mọ̀wé kà rárá, "ọlẹ̀ ti sọ" náà ló máa ń rọra wí, sínú etí, torí wọn kì í pariwo oyún. (Èyí tún rán mi létí: ọ̀rọ̀ tó ń yọ gàdàgbà lójú fóònù yẹn, ẹni tó jókòó tì í nínú dáńfó máa kà á. Ẹ fi pamọ́.)

Àbúrò ní nítorí owó àtẹ̀jíṣẹ́ tí áàpù náà ń fi ránṣẹ́ lòun ṣe yọ àmì. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò lámì ń gba lẹ́tà 160. Tí ẹ, ọ tàbí ṣ ẹyọ kan bá ti wọ inú ẹ̀, ó já sí 70. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó kọ sábẹ́ àmì ewu: "Ti e ba ri eje, e sare lo si osibitu." Ẹ̀jẹ̀ ni, àbí ẹ̀jẹ́, àbí èje? Ẹ máa ní òye ló máa là á. Ọmọbìnrin ọdún 19 tó ń ka á lóru, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú ń ṣú u, òye wo lẹ fẹ́ kó lò? Ẹ gba ohùn ìyá kan sílẹ̀ kó máa kà á fún wọn. Ohùn ẹnu kò nílò àmì ohùn.

Ẹ má sì fi MomConnect, ètò ìjọba Gúúsù Áfíríkà fún àwọn aboyún, dá mi lóhùn, pé láti 2014 ni wọ́n ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ èdè. Súlù ní ohùn lóòótọ́, àkọtọ́ wọn kì í fi àmì sí i. Tiwa ń fi sí i.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká lo "aláboyún", ẹ má bínú, sà. Oní mọ́ aṣọ ni aláṣọ; oní mọ́ aboyún ńkọ́? Ọkọ lẹ dárúkọ yẹn! Ẹ ní bí ìyá yín ṣe ń sọ ọ́ ní Ọ̀yọ́ nìyẹn. Mi ò bá ìyá yín jà, gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n olóyún wà nílẹ̀ tí kò ní wàhálà kankan.

Ó ku "ọjọ́ ìparí oyún" tí àbúrò pe ọjọ́ 280 náà. Ìparí kẹ̀? Mo ní "ọjọ́ ìkúnlẹ̀". Mo ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ, pé orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí báyìí, ta ló ń kúnlẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ káwọn ìyá tó wà láàárín wa fẹnu sí i, torí ọkùnrin ni gbogbo àwa tá à ń pariwo láti àná.