Ọ̀bẹ àpò àlòkù tí ṣóńṣó rẹ̀ ti ṣẹ́: ṣé kí n rà á àbí kí n fi í sílẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds béèrè pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin àgbà tí ọwọ́ yín ti mọ irin. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ sí ọjà kan lẹ́yìn ìlú Leeds, níbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ta ẹrù àlòkù láti inú búùtù ọkọ̀ wọn, mo sì rí ọ̀bẹ àpò pupa kan tí ilé iṣẹ́ Victorinox ti ilẹ̀ Switzerland ṣe, irú èyí tí a ń ká sínú èèkù ara rẹ̀, tí àlùmọ́gàjí, ayùn kékeré àti irin tí a fi ń ṣí agolo wà lára rẹ̀. Huntsman ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Mìlímítà 91 ni gígùn rẹ̀ nígbà tí a bá ká a tán. Pọ́n-ùn 18 ni bàbá tó ń tà á pè é, bẹ́ẹ̀ tuntun rẹ̀ lé ní pọ́n-ùn 40 ní ilé ìtajà tí mo ti béèrè.

Ohun tó dá mi dúró ni pé ọ̀bẹ náà kò pé mọ́. Ṣóńṣó ọ̀bẹ ńlá inú rẹ̀ ti ṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó lọ níbẹ̀ kò ju mìlímítà méjì lọ. Ike pupa tó bo ẹ̀gbẹ́ kan ti sán fẹ́ẹ́rẹ́, ìtayín tó máa ń wà nínú rẹ̀ ti sọnù, àlùmọ́gàjí náà kì í sì í ya ẹnu fúnra rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí mo bá ti fún un pọ̀. Mo tún rí àmì dúdú wínníwínní mélòó kan lára irin rẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá ìpẹtà ni tàbí ìdọ̀tí lásán.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń kó ọ̀bẹ jọ. Ọsàn ni mo fẹ́ máa fi bó nígbà ìsinmi níbi iṣẹ́, kí n sì máa fi já okùn ara páálí. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín: irú ọ̀bẹ pupa yìí ni bàbá mi máa ń tì sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ nígbà tí a wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì gbà kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn án, nítorí náà ẹ̀rù ń bà mí pé ojú ìfẹ́ ni mo fi ń wo ọjà yìí. Mo ti sọ fún bàbá náà pé màá padà wá ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àléébù wọ̀nyí ṣeé fojú fò dá, àbí kí n máa tọ́jú owó mi títí yóò fi tó ra tuntun?

Bàbá Aláyùn fèsì pé:

Àbúrò mi, o ṣeun tí o ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tún irú ọ̀bẹ yìí ṣe fún ara mi àti fún àwọn ọ̀rẹ́, mo sì ti rí i pé àléébù tó máa ń dẹ́rù ba olùrà kọ́ ló máa ń sọ ọ̀bẹ di aláìwúlò. Ẹ̀wù lásán ni ike pupa yẹn. Orí àwọn ìṣó kéékèèké tó wà lára irin abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́; o lè fi nǹkan pẹlẹbẹ ṣí i kúrò, kí o sì tẹ òmíràn mọ́ ọn. Wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtayín àti ẹ̀mú kékeré tí a fi ń yọ ẹ̀gún. Ní ti àlùmọ́gàjí, sípíríǹgì rẹ̀ ló ti kán tàbí tó ti yọ, ìyẹn náà ṣeé rà lọ́tọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ṣóńṣó tó ṣẹ́ yẹn ṣeé tún ṣe, bí o bá mọ ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí o ti lọ̀ ọ́, má ṣe lọ̀ ọ́ láti ẹnu. Nígbà tí a bá ká ọ̀bẹ, ẹnu rẹ̀ ló máa ń wọ inú èèkù, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń wà níta. Bí o bá lọ ẹnu rẹ̀ títí tó fi pàdé ẹ̀yìn, ṣóńṣó tuntun náà yóò wà lókè jù, kò ní wọlé tán nígbà tí o bá ká a, yóò sì máa gún ọ ní itan láti inú àpò. Bí o bá lọ ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀ títí tó fi pàdé ẹnu, ńṣe ni yóò sùn sínú ilé rẹ̀. Mìlímítà méjì kò ju iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan lọ lórí òkúta ìpọ́nbẹ àti omi.

Egungun ọ̀bẹ ni kí o yẹ̀ wò dáadáa, ìyẹn àwọn sípíríǹgì ẹ̀yìn àti ìṣó tó so gbogbo irin náà pọ̀, nítorí pé wọ́n ti kan ìṣó wọ̀nyí pa, kò sí bí o ṣe máa tú wọn nílé kí o sì dá wọn padà bó ṣe yẹ. Ṣí irin kọ̀ọ̀kan, kí o sì tì í padà. Ó yẹ kí o gbọ́ ìró “pá” nígbà tó bá ṣí tán, kí o tún gbọ́ ọ nígbà tó bá wọlé. Èyí tó bá ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ bí ìrù ajá tó ń ṣàìsàn, sípíríǹgì rẹ̀ ti lọ nìyẹn, fi í sílẹ̀ fún bàbá náà. Lẹ́yìn èyí, di ọ̀bẹ ńlá mú lẹ́yìn, kí o mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá mì díẹ̀, kò burú fún ọ̀bẹ tó ti dàgbà, ṣùgbọ́n bó bá ń ṣe jẹgẹjẹgẹ, owó rẹ kò gbọdọ̀ kúrò nínú àpò. Kí o sì fi ìbú rẹ̀ wé àwòrán tuntun rẹ̀, nítorí pé ọ̀bẹ tí wọ́n ti ń pọ́n láti ọdún gbọọrọ máa ń tín-ín-rín, kò sì sí ẹni tó lè dá irin tó ti lọ padà.

Má gbàgbé láti ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí irin náà, nítòsí ibi tó ti ń ká. Orúkọ Victorinox àti ti Switzerland, tàbí “Swiss Made”, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Bó bá jẹ́ Wenger lo rí, ìyẹn kì í ṣe ayédèrú. Àwọn náà ṣe ọ̀bẹ fún ọmọ ogun ilẹ̀ Switzerland, Victorinox sì rà wọ́n ní ọdún 2005, àmọ́ ike wọn àti sípíríǹgì wọn kò bá ti Victorinox mu. Má sì gbọ́kàn lé ìdánilójú tí ilé iṣẹ́ náà máa ń ṣe. Àbùkù tó wá láti ọwọ́ wọn ni wọ́n ṣe onídùúró fún, wọn kò ṣe onídùúró fún ọ̀bẹ tí ẹnìkan fi ṣí ìdérí agolo ọ̀dà títí ṣóńṣó rẹ̀ fi kán. Pọ́n-ùn 18 ti pọ̀ jù. Bẹ̀rẹ̀ láti 8, má sì kọjá 12.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn, fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò lè fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín dára fún ẹni tó ní òkúta ìpọ́nbẹ tó sì ní sùúrù. Èmi náà ra irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ní àlòkù ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí ṣóńṣó tirẹ̀ ti ṣẹ́, mo sì gbé e fún ọmọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ pọ́n ọ̀bẹ ní ẹ̀bá ọjà. Kò lò tó ìṣẹ́jú méjì. Iná ń ta pàràpàrà lára rẹ̀, inú mi ń dùn pé iṣẹ́ ń lọ, àfi ìgbà tó gbé e lé mi lọ́wọ́ tí mo rí i pé orí ọ̀bẹ náà ti di aláwọ̀ aró. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pọ́n ọn láàárọ̀, yóò ti kú kí n tó gé àlùbọ́sà mẹ́ta tán. Alágbẹ̀dẹ àgbàlagbà kan ló wá là mí lóye pé ooru ẹ̀rọ ti tú líle tó wà nínú irin náà, àti pé gbogbo ibi tí aró yẹn dé ti di irin rírọ̀.

Nítorí náà, àbúrò, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò tún un ṣe kí ẹ tó na owó. Ẹ ṣírò owó ike, owó sípíríǹgì, owó ìtayín, àti owó tí wọn yóò gbà láti fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ránṣẹ́ sílé. Bí ẹ bá ra gbogbo rẹ̀ lé pọ́n-ùn 18, ó lè ku díẹ̀ kí ẹ fi bá owó tuntun. Ní ti àmì dúdú, ẹ fi èékánná họ ọ́. Bó bá kúrò, ìdọ̀tí ni. Bí èékánná yín bá ń kọ́ sínú ihò, ìpẹtà ti jẹ irin, ẹ sì wò ó bóyá ó ti dé ẹnu ọ̀bẹ. Òótọ́ ni pé wọ́n ń pè é ní irin tí kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n iyọ̀ àti omi ọsàn tí a kò bá nù kúrò lára rẹ̀ máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọsàn lẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ fi bó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin fèsì pé:

Mo kí gbogbo yín. Níwọ̀n bí ẹni tó béèrè ti ń gbé ní England, tó sì fẹ́ máa gbé ọ̀bẹ náà kiri, ó yẹ kí a mẹ́nu ba òfin. Criminal Justice Act ti ọdún 1988 kò gbà kí ènìyàn mú ohun tó ní ẹnu mímú lọ sí ìgboro láìní ìdí gúnmọ́, ṣùgbọ́n ó yọ ọ̀bẹ àpò tó ń ká sílẹ̀, bí gígùn ẹnu rẹ̀ kò bá ju íńṣì mẹ́ta lọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 7.62. Ní ọdún 1993, ilé ẹjọ́ là á mọ́lẹ̀ pé ọ̀bẹ tó bá ń tì pa nígbà tó bá ṣí kò sí lára ohun tí òfin yọ sílẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Èyí tí ẹ rí yìí kì í tì, ẹnu rẹ̀ kò sì tó íńṣì mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí bàbá náà bá fi Victorinox tó tóbi jù ú lọ lọ̀ yín, ti mìlímítà 111, ẹ ṣọ́ra, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Opinel onígi ti ilẹ̀ Faransé, èyí tó ní òrùka irin lọ́rùn. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, nítorí pé ohun tí òfin gbà láàyè, ilé iṣẹ́ lè má gbà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín púpọ̀. Mo padà lọ lánàá. Gbogbo irin ọ̀bẹ náà ló dún “pá” bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ, ọ̀bẹ ńlá kò mì ju ìwọ̀n ba lọ, ìbú rẹ̀ sì pé. Mo fi èékánná họ àmì dúdú wọ̀nyẹn lójú bàbá náà, gbogbo rẹ̀ kúrò àfi ẹyọ kan tó jẹ́ ihò, ìdí irin ló sì wà, ó jìnnà sí ẹnu. Nígbà tó rí i pé mo ń yẹ̀ ẹ́ wò tó bẹ́ẹ̀, ó mú òmíràn jáde nínú páálí, irú kan náà, tó ń dán gbinrin, tí ṣóńṣó rẹ̀ àti ìtayín rẹ̀ pé, ó ní kí n mú pọ́n-ùn 15 wá. Kí n má parọ́, bí kì í bá ṣe ohun tí ẹ kọ síbí ni, èyí ni ǹ bá rà. Mo ṣí ọ̀bẹ ńlá rẹ̀, kò dún rárá, ó kàn wó sílẹ̀ ni. Mo dá a padà fún un, mo sì ná èyí tó ṣẹ́ títí tó fi gba pọ́n-ùn 11.

Sípíríǹgì àlùmọ́gàjí nìkan ni mo máa rà báyìí. Ike tó sán yẹn lè wà bẹ́ẹ̀, ìtayín kò sì jẹ mí lógún. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti gbà. Ìyá Ìbejì, kò ní sún mọ́ ẹ̀rọ kankan, mo ti wá òkúta ìpọ́nbẹ yá lọ́wọ́ aládùúgbò mi. Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo lè fi fọ inú rẹ̀, torí ìdọ̀tí àpò àti òwú ló kún ibẹ̀?

Bàbá Aláyùn fèsì pé:

O káre. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ ti tó. Rì í bọ inú rẹ̀, kí o máa ṣí irin rẹ̀ kí o sì máa tì í padà nínú omi náà títí ìdọ̀tí yóò fi jáde, fi igi ìtayín yọ èyí tó bá kù, lẹ́yìn náà nù ún kí ó gbẹ dáadáa. Kán epo fẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ibi tí irin kọ̀ọ̀kan ti ń ká, kó jẹ́ irú èyí tí kò léwu fún oúnjẹ. Má fi òróró ìdáná sí i o, torí yóò gan mọ́ ọn lára láìpẹ́. Bí o bá ti lọ ṣóńṣó náà tán, fi àwòrán rẹ̀ hàn wá kí o tó pọ́n ẹnu rẹ̀.